Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Ìgbàwọlé sí Yunifásítì Kánádà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ìwé Girama Amẹ́ríkà

Orí-ọ̀rọ̀: Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí ilé-ìwé girama ní Amẹ́ríkà ṣe ń wọ yunifásítì ní Kánádà
Ìpele: Kíláàsì kọkànlá àti kíláàsì kejìlá
Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá: Akẹ́kọ̀ọ́ ti lè ka ìwé máàkì tirẹ̀, ó sì ti gbọ́ nípa SAT àti AP.

ÈRÒŃGBÀ Ẹ̀KỌ́

Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

1. sọ ìtumọ̀ ẹkùn-ìjọba, ẹ̀kọ́ àkọ́ṣáájú àti ìgbàwọlé aláàdéhùn;
2. ka ìyàtọ̀ márùn-ún tó wà láàrin ètò ìgbàwọlé Amẹ́ríkà àti ti Kánádà;
3. pín àwọn olùbéèrè sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ipò wọn lábẹ́ òfin Kánádà;
4. to ìgbésẹ̀ ìgbàwọlé lẹ́sẹẹsẹ, láti kíláàsì kọkànlá títí dé ẹnubodè;
5. dárúkọ àwọn ìwé tí òṣìṣẹ́ ẹnubodè yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌFÁÁRÀ

1. Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ pààlà, ọ̀pọ̀ ènìyàn inú wọn sì ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà wọ yunifásítì ní ilẹ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra.
2. Akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ lọ sí Kánádà ní ìbéèrè mẹ́ta láti dáhùn kí ó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù:
 (a) Ẹkùn-ìjọba wo ni yunifásítì náà wà?
 (b) Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wo ni mo fẹ́?
 (d) Ipò wo ni mo wà lábẹ́ òfin Kánádà?
3. Ìdáhùn sí (a) ló ń sọ fọ́ọ̀mù tí yóò kọ. Ìdáhùn sí (b) ló ń sọ iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ní girama. Ìdáhùn sí (d) ló ń sọ iye tí yóò san àti ìwé tí yóò mú dé ẹnubodè.
4. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a ó máa wò jálẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀

1. *Ẹkùn-ìjọba* ni a ó máa pe ìpín ilẹ̀ Kánádà tó dà bí ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Mẹ́wàá ni wọ́n, agbègbè-ìjọba mẹ́ta sì wà ní àríwá. Abala 93 nínú òfin ọdún 1867 tó so Kánádà pọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sí ọwọ́ ẹkùn-ìjọba. Nítorí náà, Kánádà kò ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ bí irú èyí tó wà ní Nàìjíríà, kò sì ní àjọ bíi JAMB tó ń ṣe ìdánwò ìgbàwọlé kan fún gbogbo ilẹ̀.
2. *Yunifásítì* ni ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní oyè dìgírì.
3. *Kọ́lẹ́ẹ̀jì* ní ìtumọ̀ mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ pò pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó lè dúró fún ilé-ẹ̀kọ́ dìgírì èyíkéyìí. Ní Kánádà, ó sábà máa ń jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ iṣẹ́, tí a sì ti ń gba díplómà. Ní Yunifásítì Toronto, ó jẹ́ ìdílé kan nínú yunifásítì, bíi Trinity àti Victoria. Ẹni tó ń béèrè fún ẹ̀ka ọnà àti sáyẹ́ǹsì ní ọgbà àárín ìlú yóò to àwọn ìdílé yìí bí ó ṣe fẹ́ wọn sí.
4. *Ẹ̀ka ẹ̀kọ́* ni iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi gba oyè, bíi ẹnjiníà, ìtàn, tàbí ìmọ̀ okòwò.
5. *Ẹ̀kọ́ àkọ́ṣáájú* ni iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́ ní girama kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan tó lè gbà á.
6. *Ìwé máàkì* ni àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ àti máàkì akẹ́kọ̀ọ́ láti kíláàsì kẹsàn-án, èyí tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń fi ránṣẹ́.
7. *Ìgbàwọlé aláàdéhùn* ni ìgbàwọlé tí yunifásítì fúnni kí akẹ́kọ̀ọ́ tó parí kíláàsì kejìlá. Yóò dúró bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú àdéhùn inú lẹ́tà náà ṣẹ. Yóò yẹ̀ bí kò bá mú un ṣẹ.
8. *Ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́* ni ìwé tí ìjọba àpapọ̀ Kánádà ń fún àjèjì tó fẹ́ kàwé níbẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ.
9. *CEGEP* ni ilé-ẹ̀kọ́ tó wà láàrin girama àti yunifásítì ní Québec. Ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Québec ń parí girama ní kíláàsì kọkànlá, yóò sì lo ọdún méjì ní CEGEP kí ó tó wọ yunifásítì.

ÌYÀTỌ̀ LÁÀRIN ÈTÒ MÉJÈÈJÌ

1. *Ohun tí a ń béèrè fún.* Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé láìtíì sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ní Kánádà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Yunifásítì kan náà lè gba ọmọ kan sí ẹ̀ka ìtàn, kí ó sì kọ ọmọ kan náà ní ẹ̀ka ẹnjiníà.
2. *Ohun tí a ń wò.* Máàkì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní Kánádà ń wò ju gbogbo nǹkan lọ. Yunifásítì McGill, fún àpẹẹrẹ, kì í béèrè àròkọ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀.
3. *SAT àti ACT.* Ìdánwò méjèèjì jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Kánádà kò sọ wọ́n di ọ̀ranyàn.
4. *Fọ́ọ̀mù.* Common Application ń gba akẹ́kọ̀ọ́ dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà. Díẹ̀ ni yunifásítì Kánádà tó ń gbà á. Ọ̀nà ẹkùn-ìjọba tàbí ti yunifásítì fúnra rẹ̀ ló wọ́pọ̀.
5. *Àsìkò ìdáhùn.* Yunifásítì Kánádà sábà máa ń dáhùn díẹ̀díẹ̀ bí fọ́ọ̀mù bá ṣe ń wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó jọ béèrè fún ẹ̀ka kan náà lè gba èsì ní oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

ÌSỌ̀RÍ

A. Ìsọ̀rí ọ̀nà ìbéèrè, gẹ́gẹ́ bí ẹkùn-ìjọba

1. *Ontario.* Àjọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OUAC ló ń gba fọ́ọ̀mù fún àwọn yunifásítì ìjọba Ontario. Ìlú Guelph ni ó wà, ọdún 1971 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé Toronto, Waterloo, McMaster, Queen's àti Western pọ̀. OUAC kì í gbani wọlé. Ó ń kó fọ́ọ̀mù jọ, ó sì ń pín in fún àwọn tó ń gbani wọlé.
2. *British Columbia.* EducationPlannerBC ni ojú-ọ̀nà tí a ń gbà béèrè. Yunifásítì British Columbia, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1908 tí a sì ń pè ní UBC, wà lára àwọn tó ń lò ó.
3. *Québec.* Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní ojú-ọ̀nà tirẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni McGill, Concordia àti Bishop's fi ń kọ́ni. Èdè Faransé ni Laval àti Yunifásítì Montréal fi ń kọ́ni. Ní McGill, akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ iṣẹ́ tí wọn yóò fún ní máàkì ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Faransé.
4. *Nova Scotia.* Ọ̀dọ̀ yunifásítì fúnra rẹ̀ ni a ti ń béèrè. Dalhousie, tó wà ní ìlú Halifax láti ọdún 1818, jẹ́ àpẹẹrẹ.

B. Ìsọ̀rí olùbéèrè, gẹ́gẹ́ bí ipò wọn lábẹ́ òfin

1. *Ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé.* Akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ni ní Kánádà. Yóò san owó ilé-ìwé ti àjèjì, yóò sì gba ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́. Kò nílò físà.
2. *Ọmọ Amẹ́ríkà tó tún jẹ́ ọmọ Kánádà.* Ọmọ tí a bí ní Amẹ́ríkà, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a bí ní Kánádà, sábà máa ń jẹ́ ọmọ Kánádà láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kò nílò ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́, owó ilé-ìwé ti ọmọ onílùú ni yóò sì san. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó fi èyí hàn. Ní Québec, ọmọ Kánádà tí kì í ṣe ará Québec ń san ju ará Québec lọ.
3. *Olùgbé Amẹ́ríkà tó ní green card.* Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń gbé Amẹ́ríkà títí, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà ilẹ̀ mìíràn ló ń lò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Houston àti Maryland pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà wà ní ìsọ̀rí yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ni òun náà ní Kánádà. Bí ó bá mú ìwé ìrìnnà tí kò tíì kú àti green card tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dání, kò nílò físà ìbẹ̀wò.

D. Ìsọ̀rí ìdáhùn yunifásítì

1. *Ìgbàwọlé aláàdéhùn:* òun ló wọ́pọ̀ jù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà ní kíláàsì kejìlá.
2. *Ìgbàwọlé sí ẹ̀ka mìíràn:* yunifásítì kò gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀ka tó béèrè fún, ó sì fi ẹ̀ka mìíràn lọ̀ ọ́.
3. *Ìdúró lórí ìlà:* akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró bóyá àyè yóò ṣí.
4. *Ìkọ̀sílẹ̀:* kò sí àyè fún un ní ọdún náà.

OHUN TÍ YUNIFÁSÍTÌ Ń BÉÈRÈ

1. *Ìwé máàkì.* Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé girama ló ń fi í ránṣẹ́, nítorí èyí tó bá gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá kì í sábà jẹ́ ojúlówó lójú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò lọ: ìkínní láàrin ọdún, ìkejì lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jáde.
2. *Máàkì láìsí àfikún.* GPA aláfikún ni GPA tí ilé-ìwé bu kún nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ AP tàbí iṣẹ́ honors. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Kánádà máa ń yọ àfikún yìí kúrò kí wọ́n tó fi olùbéèrè wé ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí GPA rẹ̀ jẹ́ 4.4 lórí ìwé lè di 3.8 lójú wọn.
3. *Ẹ̀kọ́ àkọ́ṣáájú.* Ẹ̀ka ẹnjiníà sábà máa ń béèrè kálíkúlọ́ọ̀sì, físíìsì àti kẹ́mísírì. Ẹ̀ka ìtàn sábà máa ń béèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì. Máàkì gíga nínú iṣẹ́ mìíràn kì í dí àlàfo ẹ̀kọ́ àkọ́ṣáájú.
4. *Àfikún fọ́ọ̀mù.* Àwọn yunifásítì kan ń béèrè ju máàkì lọ:
 (a) UBC ń béèrè ìwé kan tí à ń pè ní Personal Profile, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dáhùn ìbéèrè kúkúrú nípa ohun tó ti ṣe àti ohun tó rí kọ́ níbẹ̀.
 (b) Waterloo ní fọ́ọ̀mù àfikún tí à ń pè ní AIF. Fún ẹ̀ka ìṣirò, ìdíje Euclid tí a sábà máa ń ṣe ní oṣù kẹrin tún ń ràn olùbéèrè lọ́wọ́.
 (d) Ẹ̀ka orin ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọrin tàbí lu ohun èlò fún wọn gbọ́. Ẹ̀ka ìyàwòrán ilé ń béèrè àkójọ iṣẹ́ ọwọ́.
5. *AP àti IB.* Máàkì 4 tàbí 5 nínú AP lè di kírẹ́dìtì ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Ní McGill, ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ń gbà jẹ́ kírẹ́dìtì 120, ọdún mẹ́rin. Ọmọ Québec tó ti ṣe CEGEP ń ṣe 90. Máàkì AP tó dára, tàbí ti ètò girama àgbáyé tí à ń pè ní IB, lè yọ kírẹ́dìtì tó tó 30 kúrò nínú ti ọmọ Amẹ́ríkà.

ÌGBÉSẸ̀ LÁTI ÌBẸ̀RẸ̀ DÉ ÒPIN

1. *Ìparí kíláàsì kọkànlá:* akẹ́kọ̀ọ́ yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ó ka ẹ̀kọ́ àkọ́ṣáájú rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ tó kù sí kíláàsì kejìlá.
2. *Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, kíláàsì kejìlá:* ó ṣí àkáǹtì lórí ojú-ọ̀nà ẹkùn-ìjọba tàbí ti yunifásítì, ó kọ fọ́ọ̀mù, ó sì san owó rẹ̀.
3. *Oṣù kejìlá sí oṣù kìíní:* olùdámọ̀ràn fi ìwé máàkì ránṣẹ́. Àárín oṣù kìíní ni gbèdéke ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá fún akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun. Àwọn ẹ̀ka tí àyè wọn há lè ti ìlẹ̀kùn ṣáájú ìgbà náà.
4. *Oṣù kejì sí oṣù karùn-ún:* ìdáhùn ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gba èyí tó wù ú, ó sì san owó ìdíyelé kí àkókò tí lẹ́tà sọ tó kọjá.
5. *Lẹ́yìn tí ó ti gba àyè:* ó gba lẹ́tà ìfọwọ́sí ẹkùn-ìjọba tàbí, ní Québec, ìwé CAQ; a ó ṣàlàyé méjèèjì lábẹ́ ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́.
6. *Oṣù kẹfà sí oṣù keje:* ìwé máàkì ìkẹyìn lọ, àdéhùn ìgbàwọlé ṣẹ.
7. *Oṣù kẹjọ:* ó rékọjá ẹnubodè. Ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

OWÓ ÀTI ÌRÀNLỌ́WỌ́

1. *Owó ilé-ìwé ti àjèjì* pọ̀ ju ti ọmọ onílùú lọ níbi gbogbo, ó sì ń yàtọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ẹnjiníà àti okòwò sábà máa ń wọ́n ju ọnà àti ìtàn lọ.
2. *Dọ́là.* Dọ́là Kánádà ni yunifásítì ń kọ sí ìwé owó. Láti ọdún 2013 ni dọ́là Kánádà kan kò ti tó dọ́là Amẹ́ríkà kan mọ́.
3. *FAFSA.* Fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni èyí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Kánádà wà nínú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi yá owó láti kàwé níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó ṣì wà lábẹ́ òbí lè yá tó 5,500 dọ́là Amẹ́ríkà ní orúkọ ara rẹ̀.
4. *Pell Grant.* Owó ọ̀fẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà yìí kì í rékọjá ààlà. Bákan náà ni iṣẹ́ inú ọgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń sanwó fún.
5. *Àkáǹtì 529.* Owó tí òbí fi pamọ́ síbẹ̀ ṣeé ná ní yunifásítì Kánádà tó wà nínú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà.
6. *Iṣẹ́ ṣíṣe.* Láti ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì tó bá yẹ lè ṣiṣẹ́ wákàtí 24 lọ́sẹ̀ níta ọgbà nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́.

ÌWÉ ÀṢẸ ÌKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Ìgbàwọlé jẹ́ ti yunifásítì. Àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Níní ọ̀kan kò túmọ̀ sí níní ìkejì.
2. Àwọn ìwé tí a nílò nìyí:
 (a) ìwé ìrìnnà;
 (b) lẹ́tà ìgbàwọlé láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí;
 (d) lẹ́tà ìfọwọ́sí ẹkùn-ìjọba, èyí tí ìjọba Kánádà gbé kalẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024 nígbà tí ó fi òdiwọ̀n sí iye akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì;
 (e) ẹ̀rí owó;
 (ẹ) 150 dọ́là Kánádà fún ìwé àṣẹ náà.
3. Ní Québec, CAQ ni ìwé tí ẹkùn-ìjọba ń fúnni láti fi gba akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì láàyè, òun ló sì ń dúró ní ipò lẹ́tà (d).
4. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ẹ̀rí owó fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo níta Québec jẹ́ 22,895 dọ́là Kánádà fún oúnjẹ àti ibùgbé ọdún kan. Owó ilé-ìwé àti owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Québec ní òdiwọ̀n tirẹ̀.
5. Ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card lè béèrè fún ìwé àṣẹ yìí ní ẹnubodè ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé. Wọ́n sì lè béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú.
6. Ìwé àṣẹ sábà máa ń gba iye àkókò ẹ̀kọ́ pẹ̀lú 90 ọjọ́.

ÀPẸẸRẸ TÍ A ṢE LÁṢEPARÍ

*Ìbéèrè:* Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Buffalo, ìpínlẹ̀ New York, jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé. Ó fẹ́ kọ́ ẹnjiníà ilé àti afárá ní Waterloo. Ìdajì kejì ọdún kíláàsì kejìlá kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìwé máàkì rẹ̀ nìyí:

Èdè Gẹ̀ẹ́sì: 93
Kálíkúlọ́ọ̀sì AP: 96
Kẹ́mísírì: 95
Báyọ́lọ́jì AP: 98
Ìtàn Amẹ́ríkà: 97

*Ìdáhùn:*

1. *Ẹkùn-ìjọba wo?* Waterloo wà ní Ontario. OUAC ni ọ̀nà rẹ̀.
2. *Ẹ̀ka wo?* Ẹnjiníà. Ẹ̀kọ́ àkọ́ṣáájú rẹ̀ ní físíìsì nínú. Kò sí físíìsì lórí ìwé yìí. Máàkì 98 nínú báyọ́lọ́jì kò gba ipò físíìsì. Bí ó bá fi ìwé yìí lọ bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn yóò tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpapọ̀ máàkì rẹ̀ lé ní 95.
3. *Àtúnṣe:* olùdámọ̀ràn fi físíìsì sí ìdajì kejì ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Bí yunifásítì bá gbà á, físíìsì ni yóò jẹ́ àdéhùn inú lẹ́tà rẹ̀.
4. *Ipò wo?* Àjèjì. Yóò nílò ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́.
5. *Ní ẹnubodè:* afárá Peace Bridge so Buffalo pọ̀ mọ́ Fort Erie ní Ontario. Ní òpin oṣù kẹjọ, akẹ́kọ̀ọ́ yìí àti ìyá rẹ̀ wa ọkọ̀ gba orí afárá náà. Òṣìṣẹ́ tó wà nínú àhéré ẹnubodè bi í pé kí ni ó ń wá; ó dáhùn pé òun wá béèrè ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì darí wọn sí ọ́fíìsì inú. Ó gbé fáìlì kan kalẹ̀ lórí káńtà: ìwé ìrìnnà lókè, lẹ́tà Waterloo, lẹ́tà Ontario, ìwé báńkì nísàlẹ̀. Ó san 150 dọ́là. Òṣìṣẹ́ tẹ ìwé àṣẹ jáde, ó sì nà án sí i.
6. Kí ó tó kúrò ní iwájú káńtà, ó wo nǹkan mẹ́ta lórí ìwé náà: orúkọ rẹ̀, orúkọ ilé-ìwé, àti ọjọ́ tí ìwé náà yóò kú. Wọ́n lè tún àṣìṣe ṣe lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, lẹ́tà àti ìdúró ni.

ÌWÚLÒ

1. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ọdún kìíní.
2. Olùbéèrè lè mọ ibi tí òun dúró sí nítorí pé ẹ̀kọ́ àkọ́ṣáájú àti òdiwọ̀n máàkì wà lójú-ọ̀nà yunifásítì.
3. Ètò ìkẹ́kọ̀ọ́-pẹ̀lú-iṣẹ́, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lo sáà kan ní kíláàsì àti sáà kan níbi iṣẹ́ olówó oṣù, wà ní àwọn yunifásítì kan. Waterloo ti ń ṣe é láti ọdún 1957.
4. Ẹni tó bá gba dìgírì níbẹ̀ lè béèrè fún àṣẹ iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, èyí tó lè gùn tó ọdún mẹ́ta.
5. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nítòsí ààlà lè sún mọ́ ilé ju ẹni tó lọ sí òpin Amẹ́ríkà kejì lọ.

ÌṢÒRO

1. *Àìsí ẹ̀kọ́ àkọ́ṣáájú.* A kì í rí i ṣáájú, àyàfi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ohun tí ẹ̀ka rẹ̀ ń béèrè kí kíláàsì kejìlá tó bẹ̀rẹ̀.
2. *Àìmọ̀ olùdámọ̀ràn.* Olùdámọ̀ràn tó mọ Common Application dáadáa lè máà tíì rí OUAC rí.
3. *Yíyí ẹ̀ka padà.* Ẹni tó wọlé sí ẹ̀ka kan ní láti béèrè kí ó tó bọ́ sí òmíràn, àyè sì lè máà sí.
4. *Ìdẹra ọdún ìkẹyìn.* Máàkì tó bá já wálẹ̀ ní ìdajì kejì kíláàsì kejìlá lè ba àdéhùn ìgbàwọlé jẹ́.
5. *Ìlera.* Ètò ìlera yàtọ̀ láti ẹkùn dé ẹkùn. Ní Ontario, akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ń san owó UHIP, ìyẹn ètò adójútòfò ìlera tí àwọn yunifásítì ṣètò. Ní British Columbia, àkókò ìdúró wà kí ètò ìlera ẹkùn-ìjọba tó bẹ̀rẹ̀.
6. *Kàlẹ́ńdà.* Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Kánádà jẹ́ ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kẹwàá. Nígbà tí àwọn ará ilé ní Amẹ́ríkà bá jókòó ti ìrẹsì àti tòlótòló fún Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tiwọn ní òpin oṣù kọkànlá, akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí Kánádà wà ní kíláàsì, ìdánwò oṣù kejìlá sì kù fẹ́ẹ́fẹ́.
7. *Ìyípadà òfin.* Òdiwọ̀n owó, lẹ́tà ẹkùn-ìjọba àti wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n yí padà láàrin ọdún 2024 àti 2025. Ohun tí ẹ̀gbọ́n lò ní ọdún 2022 kì í ṣe ohun tí àbúrò yóò lò.

ÀKÓTÁN

1. Ẹkùn-ìjọba ló ń yan fọ́ọ̀mù.
2. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń yan iṣẹ́ girama.
3. Ipò lábẹ́ òfin ló ń yan owó àti ìwé ẹnubodè.
4. Máàkì ló ń gbani wọlé. Ẹ̀kọ́ àkọ́ṣáájú ló ń jẹ́ kí wọ́n ka máàkì náà rárá.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

*Ìpín Kìíní: Yan ìdáhùn tó tọ̀nà.*

1. Àjọ tó ń kó fọ́ọ̀mù jọ fún àwọn yunifásítì Ontario ni: (a) FAFSA (b) OUAC (d) CEGEP (e) UHIP
2. Owó tí kò lè rékọjá ààlà lọ sí Kánádà ni: (a) àkáǹtì 529 (b) owó-yíyá ìjọba Amẹ́ríkà (d) Pell Grant (e) owó òbí
3. Iye kírẹ́dìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tí kò ní AP ń ṣe ní McGill ni: (a) 60 (b) 90 (d) 100 (e) 120

*Ìpín Kejì: Dáhùn ní kíkún.*

4. Ṣàlàyé ìtumọ̀ mẹ́ta tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní, kí o sì fi àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan gbè é lẹ́sẹ̀.
5. Ọmọbìnrin kan ní Houston ní green card àti ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Pín in sí ìsọ̀rí rẹ̀, kí o sì sọ irú owó ilé-ìwé tí yóò san ní Kánádà.
6. Ọmọkùnrin kan, ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé, gba ìgbàwọlé sí McGill. Ó dé ẹnubodè ní oṣù kẹjọ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà, lẹ́tà McGill, ìwé báńkì àti 150 dọ́là. Òṣìṣẹ́ wo fáìlì náà tán, ó tì í padà sí i lórí káńtà. Ìwé wo ni kò sí nínú rẹ̀, ẹkùn-ìjọba wo ló sì yẹ kí ó ti gbà á?